Àkáǹtì àbúrò ọkọ mi ló ṣí kọ̀ǹpútà wa: báwo ni mo ṣe lè sọ ọ́ di tèmi láìpàdánù iṣẹ́ mi?

Olùkọ́ Òṣogbo béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òṣogbo, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo ni a sì ní nínú ilé wa. Orí rẹ̀ ni mò ń kọ máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sí, orí rẹ̀ ni ọkọ mi ti ń kọ lẹ́tà iṣẹ́ wọn, òun náà sì ni àwọn ọmọ wa méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún 14, èkejì ọmọ ọdún 9, fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tí wọ́n tún fi ń ṣeré.

Nígbà tí a rà á ní ọdún 2023, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń to kọ̀ǹpútà tuntun. Àbúrò ọkọ mi, tí èmi ń pè ní ọkọ mi kékeré, ni wọ́n bá wa jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí wọ́n fi dátà fóònù wọn gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì tò ó tán kí iná tó lọ. Ìmeèlì tiwọn ni wọ́n fi ṣí i. Wọ́n fún wa ní PIN onínọ́ńbà mẹ́rin, òun ni gbogbo wa sì jùmọ̀ ń tẹ̀ láti ọjọ́ náà wá. Orúkọ wọn ni ó máa ń jáde lójú ẹ̀rọ nígbàkúùgbà tí mo bá ṣí i.

Wọ́n ti lọ kàwé ní Kánádà báyìí, ohun méjì sì ṣẹlẹ̀ tí n kò fi lè fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Èkíní ni pé ọmọ mi kékeré ń wá àwòrán kan tí ó yà, ó ṣí fáìlì máàkì kíláàsì SS2, ó pa òpó kan rẹ́ pátápátá, ẹ̀rọ sì fi í pamọ́ bẹ́ẹ̀. Òpó ìdánwò àárín sáà ni. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi tún un kọ láti inú ìwé ìdánwò tí mi ò tíì dá padà fún àwọn ọmọ. Èkejì ni pé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo fẹ́ tẹ ìbéèrè ìdánwò jáde kí n tó lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀rọ kọ̀ mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní PIN kò ṣeé lò, kí n tẹ páásíwọ́ọ̀dù. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wa, òru ni lọ́dọ̀ ọkọ mi kékeré, wọn kò sì gbọ́ fóònù títí di ọ̀sán. Mo fi ọwọ́ kọ ìbéèrè ìdánwò náà sójú pátákó.

Mo fẹ́ kí àkáǹtì tí ó ni ẹ̀rọ náà jẹ́ tèmi, kí ọkọ mi ní tiwọn, kí àwọn ọmọ sì ní tiwọn tí kò lè wọ inú tèmi. Lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ yọ ti ọkọ mi kékeré kúrò, àwọn fúnra wọn sì ti fọwọ́ sí i. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé olùkọ́ kan níbi iṣẹ́ wa yọ àkáǹtì kan kúrò lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, gbogbo fáìlì inú rẹ̀ sì bá a lọ. Windows 11 Home ni tèmi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.


Atúnẹ̀rọṣe Ìbàdàn dáhùn:

Ẹ kú ọjọ́ mà, ẹ sì kú wàhálà máàkì tí ẹ tún kọ. Iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn, irú ọ̀ràn yín yìí sì wọ́pọ̀ gan-an nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi: ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó fi owó ra ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ni àkáǹtì orí rẹ̀. Ó ní àtúnṣe. Mo kàn bẹ̀ yín pé kí ẹ má tíì yọ ohunkóhun kúrò. Bọ́tìnì tí wọ́n kọ "Remove" sí lára ni a ó tẹ̀ kẹ́yìn pátápátá, mi ò sì ní bínú bí ó bá gbà yín ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya àwọn nǹkan tí ó dàpọ̀ mọ́ra sọ́tọ̀. PIN tí ẹ ń tẹ̀ yẹn, orí ẹ̀rọ yín nìkan ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹnìkan bá mọ̀ ọ́n, tí ẹ̀rọ náà kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò wúlò fún un. Páásíwọ́ọ̀dù ti àkáǹtì Microsoft ni tirẹ̀, níbikíbi ní ayé ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi padà sí páásíwọ́ọ̀dù nígbà tí PIN bàjẹ́. Ohun kan tún wà tí ó máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà: bí ìmeèlì tí wọ́n fi ṣí àkáǹtì náà bá jẹ́ ti Gmail, páásíwọ́ọ̀dù Gmail kọ́ ni ẹ̀rọ ń béèrè, ti Microsoft ni, ó sì ṣeé ṣe kí méjèèjì yàtọ̀ síra. Mo ti rí oníbàárà tí ó tẹ páásíwọ́ọ̀dù Gmail rẹ̀ léraléra títí ẹ̀rọ fi ní kí ó lọ dúró ná, ohun tí ó sì ń tẹ̀ yẹn tọ̀nà fún ibòmíràn.

Oríṣi àkáǹtì méjì ni ó kàn yín. Èyí tí wọ́n ń pè ní "Administrator" ni alákòóso: ó lè fi ètò tuntun sórí ẹ̀rọ, ó lè yọ àkáǹtì ẹlòmíràn, ó sì lè wọ fódà ẹnikẹ́ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní "Standard" ń ṣiṣẹ́ nínú fódà tirẹ̀, bí ó bá sì fẹ́ ṣe ohun tí yóò kan gbogbo ẹ̀rọ, ojú ẹ̀rọ á ṣú, á sì ní kí wọ́n tẹ páásíwọ́ọ̀dù alákòóso. Láti ìgbà Windows Vista ní ọdún 2007 ni ìbéèrè yẹn ti wà. Alákòóso ni àkáǹtì tí gbogbo yín jọ ń lò yìí, nítorí òun ni wọ́n fi ṣí ẹ̀rọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èyí já sí pé agbára tí ẹ̀yin ní lórí ẹ̀rọ náà ni ọmọ ọdún 9 yín ní.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ lọ sí "Settings", kí ẹ wọ "Privacy & security", kí ẹ wá "Device encryption" níbẹ̀. Bí ó bá wà ní "On", a jẹ́ pé ẹ̀rọ ti fi kọ́kọ́rọ́ ti gbogbo ohun inú rẹ̀ pa, ìyẹn sì dára, nítorí bí olè bá gbé e, tí ó tú díìsìkì rẹ̀ sínú ẹ̀rọ mìíràn, kò ní rí nǹkan kan kà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà rẹ̀, nọ́ńbà 48, inú àkáǹtì Microsoft ọkọ yín kékeré ni ó wà. Mo ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n pààrọ̀ bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ di búlúù, tí ó ń béèrè nọ́ńbà 48 yẹn, tí ẹni tí ó ni àkáǹtì kò sì sí ní àrọ́wọ́tó mọ́. Kò sí ohun tí èmi tàbí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Nítorí náà, ẹ kọ "cmd" sínú àpótí ìwákiri, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ yan "Run as administrator", lẹ́yìn náà kí ẹ kọ èyí gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, kí ẹ sì tẹ Enter:

manage-bde -protectors -get C:

Lábẹ́ ibi tí ó kọ "Numerical Password" sí, ẹ ó rí ìdì nọ́ńbà mẹ́jọ, mẹ́fà mẹ́fà ní ìdì kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹlòmíràn bá yín kà á lẹ́ẹ̀kejì bí ẹ ti ń kọ ọ́, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà síbi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ẹ̀rí yín sí. Ẹ má fi í sínú kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀.

Nígbà tí èyí bá ti parí, ẹ lọ sí "Settings", "Accounts", "Other users", kí ẹ tẹ "Add account". Yóò béèrè ìmeèlì. Ẹ má kọ ìmeèlì kankan, ẹ tẹ gbólóhùn tí ó wà nísàlẹ̀ tí ó sọ pé "I don't have this person's sign-in information", lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ "Add a user without a Microsoft account". Ibẹ̀ ni ẹ ó ti fi orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù sí i. Méjì ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe fún ara yín: ọ̀kan tí yóò jẹ́ alákòóso, tí ẹ kò ní máa fi ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́, àti ọ̀kan "Standard" tí máàkì àti ìbéèrè ìdánwò yóò máa wà nínú rẹ̀. Fún ti alákòóso, ẹ padà sí "Other users", ẹ tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ tẹ "Change account type", kí ẹ sì sọ ọ́ di "Administrator". Ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì àtijọ́, ẹ wọ inú tuntun yìí, kí ẹ rí i pé ó ń ṣí dáadáa. Bí ó bá di bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ti di onílé.

Àwọn fáìlì yín wà nínú díìsìkì C, nínú fódà "Users", nínú fódà kan tí ó ṣeé ṣe kí orúkọ rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ìmeèlì ọkọ yín kékeré. Inú àkáǹtì alákòóso tuntun ni kí ẹ ti ṣí i. Ẹ̀rọ á sọ pé ẹ kò tíì ní àṣẹ, ẹ tẹ "Continue". Ẹ da ohun tí ó jẹ́ tiyín kọ sórí fílááṣì. Lẹ́yìn náà kí ẹ wọ inú àkáǹtì "Standard" yín, kí ẹ sì dà á kọ síbẹ̀ láti orí fílááṣì náà. Dídàkọ ni mo wí o, kì í ṣe gígé.


Akọ̀wé Ìkẹjà dáhùn:

Mo kí yín mà. Ohun tí Atúnẹ̀rọṣe sọ tọ̀nà, pàápàá ti nọ́ńbà 48, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀nà kan wà tí ó kúrú ju èyí lọ. Nínú "Accounts", lábẹ́ "Your info", ibi kan wà tí wọ́n kọ "Sign in with a local account instead" sí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á béèrè PIN láti mọ̀ pé ẹ̀yin ni, á sì ní kí ẹ yan orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tuntun. Àkáǹtì ọkọ yín kékeré á di àkáǹtì orí ẹ̀rọ lásán, tí kò so mọ́ ìmeèlì wọn mọ́, gbogbo fáìlì á sì wà níbi tí wọ́n wà, títí kan àwòrán ojú ẹ̀rọ. Orúkọ fódà inú "Users" nìkan ni kò ní yí padà, ìyẹn kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí mo ṣe gba kọ̀ǹpútà tí mo ń lò níbi iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú mi nìyẹn. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.


Atúnẹ̀rọṣe Ìbàdàn dáhùn:

Akọ̀wé, ẹ ṣeun. Ọ̀nà tòótọ́ ni, bí ó bá sì jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó ti ń lo ẹ̀rọ náà, òun ni èmi náà ìbá mú wá. Ohun tí ó jẹ́ kí n yàgò fún un nínú ọ̀ràn ìyá olùkọ́ ni pé orúkọ ẹnu ọ̀nà nìkan ni ó ń yí padà, ohun tó wà nínú yàrá kò kúrò níbẹ̀. Bí ọkọ wọn kékeré bá ti fi páásíwọ́ọ̀dù ìmeèlì tàbí ti báǹkì pamọ́ sínú bíráwúsà, ó ṣì wà níbẹ̀. Bí OneDrive wọn, ìyẹn ibi tí Microsoft ti ń bá ènìyàn tọ́jú fáìlì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bá ṣí, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Láti ọdún 2023 títí di òní, ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ nọ́ńbà mẹ́rin yẹn lè rí i, títí kan àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ tí ó bá wá ṣeré. Ó yẹ kí a dáàbò bo àwọn náà, ìyá olùkọ́ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ nínú àkáǹtì tí kò ní ohun àtijọ́ kankan nínú nìyẹn, kí a sì pa ti àtijọ́ rẹ́ nígbà tí àyè bá gbà.

Mà, ohun kan ṣì kù tí ó yẹ kí ẹ wò: bí Word àti Excel tí ẹ ń lò bá jẹ́ èyí tí ọkọ yín kékeré ń san owó rẹ̀, nígbà tí àkáǹtì wọn bá kúrò, wọ́n lè máa ṣí fáìlì fún yín láti kà nìkan, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹ kọ nǹkan sínú rẹ̀. LibreOffice wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń ṣí fáìlì Excel. Ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ, kí ẹ fi máàkì kíláàsì kan dán an wò kí ọjọ́ náà tó pé.


Olùkọ́ Àgbà Tó Ti Fẹ̀yìntì dáhùn:

Olùkọ́, ọmọ mi, mo kí ọ. Mo ti ju ẹni 70 ọdún lọ, mo sì ń lo kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́, nítorí pé orí rẹ̀ ni mo ti ń kọ ìtàn ìdílé wa. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú mọ iṣẹ́ wọn. Páásíwọ́ọ̀dù ni èmi fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí àkáǹtì tí kò so mọ́ ìmeèlì kò ní ẹni tí yóò fi kóòdù ránṣẹ́ sí ọ bí o bá gbàgbé.

Nígbà tí o bá ń ṣe é, ẹ̀rọ á ní kí o yan ìbéèrè mẹ́ta, kí o sì dáhùn wọn, pé bí o bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, ìdáhùn wọ̀nyẹn ni yóò fi mọ̀ ọ́. Fara balẹ̀ wo àwọn ìbéèrè náà. Wọ́n á béèrè ìlú tí a bí ọ sí. Wọ́n á béèrè ilé ẹ̀kọ́ tí o kọ́kọ́ lọ. Wọ́n á béèrè orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pè ọ́ ní kékeré. Ẹni tí ó ṣe àwọn ìbéèrè yìí kò gbé nínú agbo ilé. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ta ni kò mọ orúkọ ìnagijẹ ẹni? Ìyàwó ilé, ọmọ ilé, aládùúgbò, gbogbo wọn ni wọ́n ń fi pè ọ́ láti ìta. Ọmọ rẹ tí ó jẹ́ ẹni ọdún 14 lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìronú. Nítorí náà, má dáhùn wọn pẹ̀lú òtítọ́. Ẹ̀rọ kò bi ọ́ ní ìbéèrè kí ó lè mọ ìtàn ayé rẹ, ohun tí o bá kọ ni yóò tún béèrè. Bí ó bá bi ọ́ ní ìlú, kọ orúkọ ọbẹ̀ kan tàbí igi kan, kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé kan náà tí nọ́ńbà 48 wà.

Ní ti páásíwọ́ọ̀dù gan-an, gígùn ni kí o fi ṣe agbára rẹ̀. Àjọ NIST ti Amẹ́ríkà, tí ó máa ń gbé ìlànà irú èyí kalẹ̀, ti sọ láti ọdún 2017 pé kí wọ́n má fi dandan mú ènìyàn láti máa pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù láti ìgbà dé ìgbà láìsí ìdí, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó lè gùn dáadáa. Ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan, tí o so pọ̀, yóò ṣe ọ́ láǹfààní ju orúkọ àkọ́bí rẹ pẹ̀lú ọdún tí o bí i lọ. Má mú un nínú òwe o, nítorí pé bí ẹnìkan bá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òwe, ó ti mọ ìparí rẹ̀.

Má ṣe fi àmì ohùn tàbí lẹ́tà tí ó ní àmì nísàlẹ̀ sínú rẹ̀. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí mo kórìíra kí a máa kọ Yorùbá láìsí àmì. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ni pé bọ́tìnì Yorùbá ni mo fi ṣe páásíwọ́ọ̀dù tèmi, ti Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ gbé kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kejì, odidi òwúrọ̀ kan ni mo sì fi jókòó síwájú rẹ̀ kí n tó ṣàkíyèsí lẹ́tà kéékèèké tí ó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ó ń sọ irú bọ́tìnì tí ó ń ṣiṣẹ́. Bí o bá ní bọ́tìnì méjì lórí ẹ̀rọ rẹ, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò bí ó bá ní páásíwọ́ọ̀dù rẹ kò tọ̀nà.


Olùkọ́ Òṣogbo kọ̀wé padà:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Bàbá, mo dúpẹ́, kò ní rẹ̀ yín o. Mo ti ṣe é dé ibi kan, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí mo rí.

Nọ́ńbà 48 wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èmi àti ọmọ mi àgbà ni a jọ kọ ọ́, òun ń kà, èmi ń kọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a kà á, a sì rí àṣìṣe kan nígbà kejì, mo ti kọ 6 sí ibi tí 8 yẹ kí ó wà. Àkáǹtì alákòóso tuntun ti ń ṣí, mo sì ti ṣe tèmi, ti ọkọ mi àti ti àwọn ọmọ.

Níbi dídàkọ fáìlì ni mo ti há. Nígbà tí mo ṣí fódà ọkọ mi kékeré, inú "Documents" ṣófo. Ọkàn mi já. Lẹ́yìn wákàtí kan ni mo rí i pé fódà mìíràn wà tí ń jẹ́ OneDrive, "Documents" mìíràn sì wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo máàkì mi wà. Mo da gbogbo rẹ̀ kọ, díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò lọ. Ti SS2 tí mo tún kọ wà nínú èyí tí ó lọ, ti sáà méjì tó ṣáájú kò lọ. Mo padà sínú àkáǹtì àtijọ́, mo sì rí àwòrán kùrukùru kékeré kan tí ó ní àwọ̀ búlúù ní ẹ̀gbẹ́ àwọn tí kò lọ náà. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?


Atúnẹ̀rọṣe Ìbàdàn dáhùn:

Ẹ kú ọkàn jíjá mà. Kò sí ohun tí ó sọnù. Kùrukùru búlúù yẹn ń sọ pé orúkọ fáìlì nìkan ni ó wà lórí ẹ̀rọ yín, fáìlì fúnra rẹ̀ wà nínú àkáǹtì OneDrive ọkọ yín kékeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìgbà tí ẹ bá sì ṣí i ni ó ń sáré lọ gbé e wá. Láti inú àkáǹtì tuntun, kò sí OneDrive wọn tí yóò sáré náà, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé dà kọ. Ẹ ṣe é pé ẹ kò tíì tẹ "Remove".

Inú àkáǹtì àtijọ́ tí ẹ padà sí yìí ni kí ẹ wà. Ẹ rí i pé íntánẹ́ẹ̀tì wà, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ fódà "Documents" inú OneDrive yẹn, kí ẹ yan "Always keep on this device". Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti "Desktop" àti "Pictures" bí ohun yín bá wà níbẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ kí ó máa gbé wọn wá. Nígbà tí ó bá parí, kùrukùru á kúrò, òbìrìkítí aláwọ̀ ewé tí ó ní àmì "ó tọ́" funfun nínú ni yóò rọ́pò rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣì ní kùrukùru, ẹ dúró. Fáìlì máàkì kò wúwo, ṣùgbọ́n àwòrán àti fídíò lè jẹ dátà púpọ̀, nítorí náà ẹ má gbé ti ọkọ yín kékeré wá pẹ̀lú tiyín.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dà wọ́n kọ, ẹ ṣí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn láti inú àkáǹtì tuntun. Kí ẹ rí orúkọ fáìlì kò tó, ẹ rí ohun inú rẹ̀.


Olùkọ́ Òṣogbo kọ̀wé padà:

Gbogbo rẹ̀ ti di òbìrìkítí aláwọ̀ ewé, mo sì ti ṣí ti sáà kọ̀ọ̀kan láti inú àkáǹtì tuntun. Máàkì mi pé.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ọkọ mi máa ń fi ìwé iṣẹ́ wọn sínú díìsìkì D, nítorí wọ́n ní ẹni tí ó ta ẹ̀rọ fún wa sọ pé ibẹ̀ ni ó láàbò jù. Ṣé àwọn ọmọ kò ní lè débẹ̀? Ìkejì, bí iná bá lọ tí mo sì pa ojú ẹ̀rọ dé, ìgbà mìíràn ó máa ń béèrè PIN nígbà tí mo bá ṣí i, ìgbà mìíràn kì í béèrè.


Atúnẹ̀rọṣe Ìbàdàn dáhùn:

Ti díìsìkì D, ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín pé kí wọ́n kó ìwé wọn kúrò níbẹ̀. Ohun tí ẹni tí ó ta ẹ̀rọ ń rò ni pé bí wọ́n bá tún Windows ṣe, ohun tó wà nínú D kì í sábà parẹ́, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ààbò lọ́wọ́ àwọn tí ẹ jọ ń lo ẹ̀rọ, kò sí níbẹ̀. Fódà tí ẹ̀rọ fún oníkálukú nínú "Users" ni ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn àkáǹtì "Standard" yòókù. Gbangba ni D: ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ẹ̀rọ náà lè ṣí i, ó sì lè pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Bí ohun kan bá wà tí gbogbo ilé gbọ́dọ̀ jọ rí, bí àwòrán ìgbéyàwó, fódà "Public" wà nínú "Users" fún irú ìyẹn.

Ti PIN, ẹ lọ sí "Accounts", "Sign-in options", kí ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà níbi tí ó ti béèrè ìgbà tí ẹ fẹ́ kí ó ní kí ẹ tún wọlé lẹ́yìn tí ẹ bá ti kúrò nídìí ẹ̀rọ. Bí ó bá fún yín ní àkókò oríṣiríṣi láti yàn, "Every time" ni kí ẹ mú. Bí ẹ bá sì fẹ́ dìde nídìí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láti lọ wo ọbẹ̀ lórí iná, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti L pọ̀. Ó ń tì pa lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ yín á sì wà níbi tí ẹ fi í sí. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ náà. Ojú ibẹ̀ kan náà ni oníkálukú yóò ti ṣe PIN tirẹ̀, PIN ti àkáǹtì kan kò sì ṣí òmíràn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ ti alákòóso, nítorí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé eré tuntun sórí ẹ̀rọ, òun ni yóò béèrè.


Akọ̀wé Ìkẹjà dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un, mà. Ẹ sọ fún ọkọ yín kékeré pé kí wọ́n wọ àkáǹtì Microsoft wọn láti Kánádà, kí wọ́n lọ sí ibi tí a to àwọn ẹ̀rọ wọn sí, kí wọ́n yọ kọ̀ǹpútà yín kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa àkáǹtì náà rẹ́ lórí ẹ̀rọ ni kí wọ́n ṣe é, kì í ṣe ṣáájú. Mo sì fara mọ́ ọ̀nà tí Atúnẹ̀rọṣe mú wá. N kò ronú kan àwọn páásíwọ́ọ̀dù inú bíráwúsà, mo sì ti lọ wo ẹ̀rọ tí mo gbà níbi iṣẹ́: ti ẹni tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú mi ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ti pè é lórí fóònù, a sì ti jọ pa wọ́n rẹ́ pọ̀.


Olùkọ́ Òṣogbo kọ̀wé padà:

Mo dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo sì ń lo àkáǹtì tuntun nìkan, kò sí fáìlì kankan tí mo wá tì. Lánàá ni a pe ọkọ mi kékeré lórí fídíò, wọ́n wò ó pẹ̀lú wa bí mo ti wọ inú àkáǹtì alákòóso, tí mo lọ sí "Other users", tí mo tẹ orúkọ wọn, tí mo sì tẹ "Remove". Ẹ̀rọ ní gbogbo ohun inú rẹ̀ yóò parẹ́, ṣé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀? Mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ "Delete account and data". Lẹ́yìn náà ni àwọn náà yọ ẹ̀rọ kúrò níbi tiwọn.

Láàárọ̀ yìí, orúkọ márùn-ún ni ó tò sí ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ lọ́wọ́ òsì, ti alákòóso wà lára wọn. Ọmọ mi kékeré tẹ tirẹ̀, ó ṣí i, ó sì béèrè ibi tí àwòrán rẹ̀ wà. Mo ti dà á kọ fún un.